Ọmọ Méjì Tó Ń Jẹ́ Moyọ̀sọ́lá

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Oregun ni Moyọ̀sọ́lá ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró níwájú ẹ̀rọ fún wákàtí méjìlá, kó máa wo bisikíìtì bí wọ́n ṣe ń tò kọjá, kó máa ṣa èyí tó bá fọ́ sínú garawa. Ọdún mẹ́rin ló ti ń wò wọ́n. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tí wọ́n fi bọ́ láti kékeré, ṣùgbọ́n bisikíìtì kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ méjì péré ni ọ̀gá wọn náà sì mọ̀: "yára" àti "jáde".

Lọ́jọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú òtútù kọ̀wé sórí fóònù rẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbà á wọlé láti wá kọ́ ìmọ̀ nípa oúnjẹ, orí garawa bisikíìtì fífọ́ ló jókòó lé tó fi kà á. Ó fi ẹ̀rín kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ló tó rí "ṣùgbọ́n" tó wà nísàlẹ̀.

Wọ́n fẹ́ rí ẹ̀rí pé ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n tún fẹ́ rí ẹ̀rí pé ó gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Méjèèjì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé kan tó lù. Tí kò bá dé, ẹlòmíràn ló ni àyè náà.

Ẹni tó bá mọ bàbá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín sí èyí. Bàbá Moyọ̀, Emmanuel, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, ọgbọ̀n ọdún ó lé ló fi pàṣán kọ́ àwọn ọmọ Agége ní Gẹ̀ẹ́sì kó tó fẹ̀yìn tì. Nílé rẹ̀, ọmọ tí òùngbẹ bá ń gbẹ á kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ omi. Bí gbólóhùn náà bá wọ́, òùngbẹ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí Moyọ̀sọ́lá fi gba B2 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC rẹ̀, lọ́dún tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń sunkún. Ìwé tó wá láti òkè òkun sì sọ ọ́ kedere pé ẹni tó bá ti yege nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC kò nílò ìdánwò mìíràn. Òkúta kan, ẹyẹ méjì.

Ó kó ìwé rẹ̀, ó gba Allen Avenue lọ, sí ọ́fíìsì Tèmilọlá, obìnrin tó máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ to ìwé wọn ránṣẹ́ sókè òkun. Tèmilọlá wo èsì ìdánwò náà, ó gbá tábìlì.

"B2. Moyọ̀, ìwọ ti dé ibẹ̀ nìyẹn, òtútù nìkan ló kù tó o máa ra aṣọ fún. Mú pásípọ́ọ̀tù rẹ wá."

Ó gbé pásípọ́ọ̀tù síbi kan, ó gbé ìwé ẹ̀rí WAEC síbi kan. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó tún un wọ̀.

"Ta ló ń jẹ́ Moyọ̀sọ́lá Ògúngbèmí?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ta wá ló ń jẹ́ Moyọ̀sọ́lá Jésùgbèmí?"

"Èmi náà ni."

"O ti lọ́kọ?"

"Rárá o."

"O ya kúrò lára ara rẹ?"

Moyọ̀sọ́lá wolẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀rù pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnì kan á gbé ìwé méjèèjì sórí tábìlì kan náà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní ọdún méje sẹ́yìn, ọdún kan lẹ́yìn tí Moyọ̀sọ́lá parí girama, ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ wú. Ìbídùn ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, ó ń ta pọ̀nmọ́ lọ́jà ẹran Oko Ọba, ohùn rẹ̀ nìkan sì tó lé màlúù padà sọ́nà. Oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀ tí kò lè dìde. Wọ́n gba oògùn ní ọsibítù, wọ́n sì gba ààwẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Agége. Níkẹyìn, Wòlíì Olúwakóredé rí ìran: orúkọ ìdílé wọn ló di obìnrin náà mọ́lẹ̀. Wọ́n kọ Ògúngbèmí sínú bébà, wọ́n gbé e lọ sí odò tó ń ṣàn, wọ́n sọ ọ́ sómi, gbogbo ilé sì di Jésùgbèmí lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wòlíì wá fi òfin kan tì í: ẹnu tó bá tún pe orúkọ ọjọ́sí, òun ló pe àìsàn padà.

Lọ́jọ́ keje, Ìbídùn dìde, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sẹ́yìnkùlé. Ta ló máa bá ìyẹn jiyàn?

Láti ọjọ́ náà, "orúkọ ọjọ́sí" ni wọ́n ń pè é nílé. Bàbá mú òfin yìí débi tí òfin fúnra rẹ̀ kò ronú dé. Ìpínlẹ̀ Ògùn di "ìpínlẹ̀ àwọn ará Abẹ́òkúta" lẹ́nu rẹ̀, nítorí kò mọ̀ bóyá áńgẹ́lì máa ń gbọ́ àmì ohùn dáadáa. Ó tún dẹ́kun kíka ogún. Ẹ sì wò ó, láti márùndínlógún ni ogún ti wọ inú òǹkà Yorùbá, nítorí náà mẹ́rìnlá ni ìṣirò ń tán lọ́wọ́ tíṣà. Tó bá fẹ́ ra ogún ẹyin, á ní kí wọ́n fún òun ní mẹ́wàá, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á yíjú padà, á ní kí wọ́n fún òun ní mẹ́wàá mìíràn. Obìnrin tó ń tà á rò pé ọpọlọ ló ti fẹ̀yìn tì.

Ìgbà tí ìjọba wá ń gba orúkọ fún nọ́ńbà ìdánimọ̀, àgbàlá ṣọ́ọ̀ṣì ni ìdílé náà ti forúkọ sílẹ̀, Jésùgbèmí ni wọ́n kọ, Jésùgbèmí ló sì wọnú pásípọ́ọ̀tù lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Wọn kò gbé e sínú ìwé ìròyìn, wọn kò dé kóòtù. Bàbá ní ọ̀run kì í ka ìwé ìròyìn.

Tèmilọlá gbọ́ ìtàn náà tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀run kì í kà á lóòótọ́. Àwọn tó ń gbani wọlé ló ń kà á." Ó ti ìwé ẹ̀rí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Fi WAEC sílẹ̀ ná. Lọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì tuntun pẹ̀lú orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù. Tí wọ́n bá rí i pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ dán, bóyá wọn ò ní wo ìyókù fínnífínní."

Moyọ̀sọ́lá fi ọ̀sẹ̀ méjì ka ìwé lẹ́yìn iṣẹ́. Lọ́jọ́ ìdánwò, òyìnbó kan nínú kọ̀ǹpútà ní kó fi ìṣẹ́jú méjì sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan. Ó sọ nípa bàbá rẹ̀, pàṣán àti ife omi. Òyìnbó náà gbàgbé láti dá a dúró nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé. Èsì dé: mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án. Ìbídùn jó láàárín ìsọ̀ pọ̀nmọ́ títí àwọn alápatà fi ọ̀bẹ gbe orin sí i lẹ́yìn. Bàbá béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹyọ kan tó kù.

Wọ́n fi èsì náà ránṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tèmilọlá pè é lórí fóònù, Moyọ̀sọ́lá sì sá lọ sí ilé ìgbẹ́ ilé iṣẹ́ láti gbọ́ ọ.

"Wọ́n ní àwọn dúpẹ́," ni Tèmilọlá wí. "Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì Jésùgbèmí tẹ́ àwọn lọ́rùn gan-an."

"Ẹ ṣeun, Àǹtí. Ọlọ́run á—"

"Má tíì ṣàdúrà. Ọmọ méjì ni wọ́n rí. Ọ̀kan gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò lọ sílé ìwé. Èkejì lọ sílé ìwé, kò ní pásípọ́ọ̀tù. Wọ́n fẹ́ mọ èwo nínú yín ló ń bọ̀."

"Mo lè gbé ìyípadà orúkọ sínú ìwé ìròyìn lọ́la."

"Ọjọ́ ọ̀la ló máa wà lórí ẹ̀. Wọ́n á bi ọ́ pé ta ló wá ń jẹ́ Jésùgbèmí láti ọdún mẹ́ta. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí òbí tó sọ ọ́ lórúkọ lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni yín. Bàbá rẹ ṣì wà láyé?"

"Wọ́n wà."

"A dúpẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù."

Lálẹ́ ọjọ́ náà kọ́, lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó má baà dà bí ẹni tó ń fi ìkánjú bá àgbà sọ̀rọ̀, Moyọ̀sọ́lá kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀ bó ṣe ń mu ògì.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ bá mi dé kóòtù."

"Ta lo lù?"

"Mi ò lu ẹnikẹ́ni, sà. Ẹ kàn máa sọ fún wọn pé èmi náà ni mo ń jẹ́ orúkọ ọjọ́sí."

Bàbá gbé síbí sílẹ̀.

"Moyọ̀sọ́lá, ṣé ìyá rẹ ló sú ọ?"

Ọ̀rọ̀ náà bà á níbi tí Bàbá fẹ́ kó bà á. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Moyọ̀sọ́lá nígbà tó ń fi bárò ti ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù, ẹsẹ̀ méjèèjì tóbi ju ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ. Òun náà kò pe orúkọ náà rí láti ọjọ́ yẹn. Bí ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ bá pè é bẹ́ẹ̀ lójú títì, ó máa ń sáré kọjá.

Ṣùgbọ́n Ìbídùn gbọ́ wọn láti ibi tó ti ń fá pọ̀nmọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá Moyọ̀, ẹ lọ pè é. Èmi ni mo ni ẹsẹ̀."

"Ìwọ lo ni ẹsẹ̀, èmi ni mo gbé e."

"Bárò ló gbé e. Ẹ̀yin dì mọ́ Bíbélì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ yìí fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ. Tí ẹsẹ̀ bá tún wú, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń dùbúlẹ̀."

Bàbá di aṣọ funfun rẹ̀ sínú ọ̀rá, ó ní òun ń lọ sórí òkè àdúrà fún ọjọ́ mẹ́ta láti béèrè lọ́wọ́ ọ̀run. Ọjọ́ mẹ́ta di mẹ́rin. Mẹ́rin di mẹ́fà. Lójoojúmọ́ ni Moyọ̀sọ́lá ń ṣa bisikíìtì, tó ń wo ọjọ́ tó ń tò kọjá bíi tiwọn, èyí tó sì fọ́ nínú wọn kò ṣeé ṣà kúrò. Simbiat, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń dúró ti ẹ̀rọ kejì, ní kó lọ yá bàbá mìíràn, pé àwọn kan wà lẹ́yìn kóòtù tí wọ́n ń ṣe bàbá fún èèyàn. Moyọ̀sọ́lá kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rò ó.

Ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdé, nígbà tí ó ku ọjọ́ kan péré, Bàbá wọlé, ó ti rù, aṣọ ń mì lára rẹ̀. Ó mu omi. Ó ní ọ̀run gbà.

Ìbídùn kúnlẹ̀. Moyọ̀sọ́lá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin nítorí kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́.

"Ṣùgbọ́n," ni Bàbá wí, "ẹnu mi ò ní pè é. Kálámù ló máa pè é. Èmi fúnra mi ni mo sì máa kọ ìwé ìbúra náà, lédè Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́. Mi ò ní jẹ́ kí akọ̀wé kóòtù kan ba gírámà jẹ́ lórí orúkọ mi." Ó ti kọ ọ́ lórí òkè, ojú ìwé méjì, lẹ́tà rẹ̀ rẹwà bí ìwé ìgbéyàwó. Ó fi àyè sílẹ̀ sókè fún orúkọ ẹni tó ń búra.

Ní agogo méjì ọ̀sán Fúráìdé ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó síwájú akọ̀wé kóòtù kan ní Ìkẹjà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń jẹ́ Suara. Ìbídùn tẹ̀ lé wọn nítorí ó ní bí ẹsẹ̀ bá máa wú, kó wú lójú òfin. Suara ka ojú ìwé méjì náà. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó fi orí dúpẹ́.

"Bàbá, Gẹ̀ẹ́sì yìí, ó wuyì. Mi ò rí irú ẹ̀ rí níbí. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ yín wá kí n fi orúkọ sí àyè tó ṣófo yìí."

Bàbá tọwọ́ bọ àpò òsì. Ó tọwọ́ bọ àpò ọ̀tún. Ó ní àfi bí ẹni pé òun gbàgbé rẹ̀ sílé.

"Kò sí káàdì, kò sí ìbúra," ni Suara wí. "Aago mẹ́rin la ń tì."

Ojú Moyọ̀sọ́lá ti ń ṣokùnkùn. Láti ibẹ̀ dé ilé wọn ní Oko Ọba lọ àti bọ̀ lọ́jọ́ Fúráìdé, kò ṣeé ṣe.

"Bàbá Moyọ̀," ni Ìbídùn wí, "àpò àyà ńkọ́? Èyí tí ẹ ń fi pín-ìn-nì dí lẹ́nu, tí ẹ ò jẹ́ kí n fọ̀ rí?"

Bàbá wò ó. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo aago ara ògiri. Ó tú pín-ìn-nì náà. Ó fa káàdì kan yọ, ó fi ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tábìlì bí ẹni tó ń ta ayò. Suara yí i padà.

"Emmanuel Ògúngbèmí," ni Suara kà, ketekete, ohùn rẹ̀ sì dé ẹnu ọ̀nà.

Suara, tí kò mọ nǹkan kan, ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó gbé irin pelebe kan jáde, ó fi síwájú Bàbá.

"Kí nìyí?" ni Bàbá bi í.

"Irin ni. Orúkọ yín ni mo wò. Àwọn tiwa tó jẹ́ ti Ògún kì í fi Bíbélì búra."

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi. Aládùúrà ni mí."

"Ẹ má bínú, sà. Bíbélì náà wà." Suara pààrọ̀ rẹ̀, ó nu Bíbélì sára aṣọ.

Ìbídùn kò wo irin, kò wo Bíbélì. "Láti ìgbà wo?" ló béèrè.

"Owó ìfẹ̀yìntì ni," ni Bàbá wí sísàlẹ̀. "Tí orúkọ bá yí, wọ́n á ní tíṣà tí wọ́n mọ̀ ti kú. Lóṣooṣù ni mo ń lọ sí báńkì. Wọ́n á pè é, mo máa na ọwọ́ sókè. Mi ò dáhùn. Ọwọ́ nìkan ni mo ń nà."

"Ọjọ́ tí gbogbo wa forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?"

"Mo ní inú ń run mí. Ìkẹjà níbí ni mo wá ṣe tèmi."

Moyọ̀sọ́lá kò ní àyè ìbínú. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ó ní, "Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ yẹn síbẹ̀. Ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Bàbá Ògúngbèmí ló bí Ògúngbèmí."

Òótọ́ ló sì sọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ bàbá ló máa gbà á là. Suara bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ẹ́, ó dé ojú ìwé kejì, ó dúró.

"Bàbá, gbólóhùn kan wà níbí. Ẹ ní láti ọdún méje, kò sí ẹnikẹ́ni nínú agbo ilé yín tó jẹ́ orúkọ náà mọ́. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́. Ẹ̀yin gan-an ń jẹ́ ẹ lókè."

"Èmi kò jẹ́ ẹ," ni Bàbá wí. "Mo ń fi gba owó ni."

"Ìwé kò mọ ìyàtọ̀ yẹn, sà."

"Ọlọ́run mọ̀ ọ́n. Orí gbólóhùn yẹn ni mo fi gba àṣẹ lórí òkè. Ohun tí mo bá ọ̀run sọ nìyẹn: pé màá fi kálámù pè é, màá sì fi kálámù kan náà sẹ́ ẹ. Tí ẹ bá yọ ọ́, mi ò fọwọ́ sí i."

"Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́," ni Moyọ̀sọ́lá wí. "Ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n á kà á."

"Kí wọ́n kà á. Gẹ̀ẹ́sì ni. Gbólóhùn tó lẹ́wà jù nínú ìwé náà ni."

Ó ti di kálámù mú, ṣùgbọ́n ó gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ fi sílẹ̀ kó máa lọ. Aago ń lọ sí mẹ́ta ààbọ̀. Moyọ̀sọ́lá wo Suara, Suara wo aago. Ìbídùn ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n lè fọwọ́ sí i." Suara tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá búra. Wọ́n lu òǹtẹ̀. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tí Moyọ̀sọ́lá yà á ní fọ́tò lórí àtẹ̀gùn kóòtù, tó fi í ránṣẹ́ sí Tèmilọlá, Tèmilọlá sì fi í ránṣẹ́ sókè òkun. Ó dé ọ̀hún ní ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò.

Wọ́n bọ́ sójú ọ̀nà. Ìbídùn ń rìn níwájú. Ó rìn, ó dúró lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ṣe ẹ̀dà ìwé.

"Ìyẹn ni pé orúkọ yẹn ò lọ rí."

"Ìbídùn, ojú títì nìyí."

"Mo ń bi yín ni. Oṣooṣù ni ẹ ń na ọwọ́ sí i, ẹsẹ̀ mi ò sì wú. Kí la gbé jù sómi nígbà náà? Mo lo oògùn ọsibítù tán lọ́sẹ̀ yẹn. Mi ò fún un ní ìyìn kankan. Orúkọ ni mo gbé gbogbo ìyìn fún. Gbogbo wa la kú nínú ìdílé Ògúngbèmí, ẹ̀yin nìkan lẹ ṣẹ́kù tí ẹ ń gbowó òkú."

Ó pe orúkọ náà síta níbẹ̀. Ó tún un pè, bí ẹni tó ń polówó pọ̀nmọ́, ní ẹ̀ẹ̀meje. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà dúró bó ṣe wà. Kò wú, omi ojú ló ń kán sí i lórí, nítorí obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún.

Ọjọ́ márùn-ún tó tẹ̀ lé e, Moyọ̀sọ́lá gba ara rẹ̀ láyè láti ronú ire. Ó ti ń bi Simbiat pé irú bàtà wo ni wọ́n ń wọ̀ nínú yìnyín. Simbiat ní bàtà tí wọ́n fi ń wọ yàrá òtútù ẹran ní Oko Ọba á ṣe é. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí bisikíìtì tó fọ́ fi ń kọjá lójú wọn.

Ní Tọ́sìdé, Tèmilọlá kò pè é. Ó ní kó wá. Ó fún un ní ìjókòó, ó fún un lómi, ìgbà náà ni Moyọ̀sọ́lá ti mọ̀.

"Ta ló kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó jẹ́ orúkọ náà mọ́?"

"Bàbá mi ni."

"Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?"

"Gẹ̀ẹ́sì niṣẹ́ wọn, Àǹtí."

Tèmilọlá yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìwé náà kò gùn. Ẹni tó búra pé kò sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ náà, òun fúnra rẹ̀ ń jẹ́ ẹ. Ìbúra irọ́ ni àwọn kà á sí. Wọ́n ti pa fáìlì náà dé, wọ́n ti fi àyè náà fún ẹlòmíràn, wọn kò sì ní gba ìwé ẹ̀rí Ògúngbèmí tàbí ìwé kóòtù kankan lórí rẹ̀ mọ́, lọ́dún yìí tàbí lọ́dún mìíràn.

"Àwọn ilé ìwé mìíràn ńkọ́?"

"Wọ́n á bi ọ́ bóyá ẹnì kan ti kọ̀ ọ́ rí lórí ìwé irọ́. O ní láti dáhùn." Tèmilọlá rọra pa kọ̀ǹpútà dé. "Moyọ̀, Jésùgbèmí kò lọ sí girama. Bí wọ́n ṣe rí i nìyẹn. Àfi kó lọ ṣe é."

Ó mú ìwé náà dé ilé fún Bàbá. Bàbá gbé awò sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó padà sókè. Ó fi ìka tọ́ ibì kan.

"Kọ́mà yìí ò yẹ níbí," ló wí.

Ó di ìwé náà mú pẹ́ títí, ó wá fi sílẹ̀ lórí àga, ó bọ́ sẹ́yìnkùlé. Ìbídùn ń fá pọ̀nmọ́ lọ. Wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ kóòtù, àfi kí obìnrin náà ní oúnjẹ wà nílẹ̀.

Oṣù tó tẹ̀ lé e, Moyọ̀sọ́lá gba àyè wákàtí kan níbi iṣẹ́, ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan lẹ́bàá Agége, níbi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀ fún GCE, ìdánwò girama fún àwọn tí kò sí nílé ìwé. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mípọ̀sí ló ń tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó béèrè orúkọ, Moyọ̀sọ́lá na pásípọ́ọ̀tù sí i. Ó béèrè ọjọ́ orí, Moyọ̀sọ́lá ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ayọ̀mípọ̀sí kò gbé ojú sókè, nítorí ọmọlúàbí ni.

"Ẹ ti jókòó fún ìdánwò yìí rí?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì í. Moyọ̀sọ́lá ronú nípa èyí tí yóò dáhùn.

"Rárá," ló wí.

Ayọ̀mípọ̀sí tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ó fa bébà jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ó fi pín-ìn-nì so ó pọ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí àbúrò tó fẹ́ gba ẹ̀gbọ́n nímọ̀ràn láì dójú tì í.

"Gẹ̀ẹ́sì ni kẹ́ ẹ múra sí o, mà. Ibẹ̀ ló máa ń gbé àwọn tó ń ṣe é fúngbà àkọ́kọ́ ṣubú. Ẹ wá ẹni tó lè kọ́ yín."

"Mo gbọ́," ni Moyọ̀sọ́lá wí. "Ẹ ṣeun." Ó ká bébà náà sínú àpò, ó sì yára, nítorí ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ ìyípo ọ̀sán.